Oníbodè Inú Kọ̀ǹpútà

Káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bí dátà bá ti gba orí wáyà dé, káàdì á kọ ọ́ sínú mẹ́mọ́rì fúnra rẹ̀, kò ní dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ processor. DMA ni àwọn oníṣẹ́ ń pe ìwà yìí, kò sì sí ọgbọ́n mìíràn tí wọn ì bá ta sí i. Lórí wáyà tó ń gbé bílíọ̀nù 10 bit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, packet, ìyẹn ìdì dátà, tó kéré jù lọ lè máa ya wọlé ní mílíọ̀nù 14.88 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá yẹn. Nanosecond bíi 67 ló wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Processor tó bá ní òun yóò máa fọwọ́ ara òun kó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní ráyè fún nǹkan mìíràn.

Ṣùgbọ́n káàdì yìí kò mọ onílé. Nọ́ńbà ni wọ́n fún un: lọ kọ ọ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì báyìí. Bí nọ́ńbà náà bá tọ̀nà, iṣẹ́ ń lọ. Bí ó bá fi ẹyọ kan péré ṣì, káàdì á kọ dátà lé ibi tí kernel Linux, ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń pa àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ sí, tàbí lé owó oníbàárà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣírò lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní fura títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dàrú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé inú kernel ni wọ́n ti ń kọ dráífà, ìyẹn prógíráàmù tó ń darí ẹ̀rọ, sí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Kernel ló láṣẹ lórí ohun gbogbo, òun náà ni wọ́n sì fọkàn tán láti fún káàdì ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ dráífà níbẹ̀, èdè C ni yóò sábà fi kọ ọ́, yóò fi gbogbo ohun èlò tó mọ́ ọn lọ́wọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àṣìṣe orí ìlà kan ṣoṣo sì lè dá gbogbo ẹ̀rọ dúró gbagidi.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yìn níhìn-ín ni bí wọ́n ṣe tú ìdè yẹn: bí wọ́n ṣe rí i ṣe tí wọ́n fi lè fa káàdì gidi lé prógíráàmù lásán lọ́wọ́, irú prógíráàmù tí ẹnikẹ́ni lè kọ kó sì pa á nígbà tó bá wù ú, láìsí pé ìlú tú. VFIO ni orúkọ rẹ̀ nínú Linux. Mo ti ń ka kóòdù rẹ̀ ó pẹ́, ibi tó ti ń sọ pé rárá ni mo máa ń padà lọ kà. Àwọn tó kọ ọ́ ti ilẹ̀kùn kan pa dáadáa, wọ́n wo gbogbo ihò ara ògiri, nítorí náà ni wọ́n fi lè ṣí èyí tó kù sílẹ̀ fún gbogbo ayé.

Yaba, àdúgbò kan ní Èkó, ni mo ti ń wo iṣẹ́ yìí lójú, ọ̀rọ̀ Yaba sì ti pọ̀ nílẹ̀. Yaba College of Technology ti wà níbẹ̀ láti 1947, Yunifásítì Èkó, tó wà ní Akọka nítòsí ibẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ láti 1962. CcHUB, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ, ṣílẹ̀kùn lórí Herbert Macaulay Way ní 2011, Mark Zuckerberg ti Facebook sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2016. Lónìí, bí wọ́n bá ti dárúkọ Yaba, áàpù ló ń wá sọ́kàn àwọn èèyàn: áàpù owó, áàpù ọkọ̀, áàpù oúnjẹ. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ áàpù, níbi tí kóòdù ti ń fọwọ́ kan irin, kì í sábà rí oníròyìn tó máa wá ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní àdúgbò náà tó ń fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹun. Sáfà tòkunbọ̀ ló ń rà, ó ń fọ eruku ara wọn, ó ń ki káàdì Intel X520 sí wọn nínú, ó sì ń kọ prógíráàmù tó máa sọ wọ́n di ẹ̀rọ tó ń darí dátà fún àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé àti ọ́fíìsì. Mo máa ń lọ jókòó tì í. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Tó bá ti rí i pé ojú mi ti kúrò lára ohun tó ń ṣe, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ wo ibí yìí,” á sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí VFIO tó dé, UIO ló wà. Ó wọ inú Linux ní 2007, pẹ̀lú ẹ̀dà 2.6.23, èrò rẹ̀ sì mọ́gbọ́n wá: jẹ́ kí prógíráàmù fọwọ́ kan àwọn bọ́tìnì inú ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, jẹ́ kó sì máa gbọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá pè. Fún ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìwọ̀n ooru ní ilé-iṣẹ́ kan, ó tó. Fún káàdì tó ń ṣe DMA, ojú ni UIO dì. Prógíráàmù tó bá mọ bó ṣe lè fún káàdì ní nọ́ńbà lè ní kó lọ kọ nǹkan síbikíbi nínú mẹ́mọ́rì, UIO kò ní ohun tó lè fi dá a dúró. Nítorí náà, ẹni tó ní àṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ nìkan ló tọ́ kó lò ó, ìbéèrè àkọ́kọ́ sì ṣì wà níbi tó wà.

Irin ló dáhùn ìbéèrè náà. Ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tó ń yí àdírẹ́ẹ̀sì padà fún àwọn ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn kì í ṣe nǹkan tuntun. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Digital Equipment ní Amẹ́ríkà gbé PDP-11/70 jáde ní 1975, ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní Unibus map. Àdírẹ́ẹ̀sì tí àwọn ẹ̀rọ orí Unibus lè pè kò ju bit 18 lọ, mẹ́mọ́rì sì ti dé bit 22, nítorí náà ọwọ́ wọn kò tó òkè. Unibus map ló fi kún gígùn apá wọn. Ó tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn èyí, ní 2006, kí AMD àti Intel tó gbé ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe máa fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tí gbogbo ènìyàn ń rà. Intel pe tirẹ̀ ní VT-d. IOMMU ni gbogbo wọn ń jẹ́ pọ̀. Ohun tí wọ́n ń wá nígbà yìí ti yàtọ̀: wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ ẹnìkan má lè na ọwọ́ kọjá ibi tí wọ́n yàn fún un.

Láyé ìlú olódi, oníbodè kì í bi àlejò bóyá èèyàn rere ni. Ta ni ọ́, ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ, ìyẹn ló ń bèèrè. IOMMU náà ń bèèrè méjèèjì, lórí ẹyọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí káàdì bá fi ránṣẹ́. Káàdì ń gbé orúkọ rẹ̀ dání, bit 16: 8 fún bus tó wà, 5 fún ẹ̀rọ, 3 fún apá iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ní. Nínú VT-d, bit 8 ti bus ń tọ́ka sí ìlà kan nínú tábìlì oníìlà 256. Bit 8 tó kù ń tọ́ka sí ìlà kan nínú tábìlì oníìlà 256 mìíràn. Ibẹ̀ ni ó ti ń rí ìwé tí wọ́n kọ fún káàdì yẹn nìkan. Ó wá yíjú sí àdírẹ́ẹ̀sì tí káàdì pè: bit 9, bit 9, bit 9, bit 9, tábìlì mẹ́rin tí ọ̀kan ń tọ́ka sí èkejì, bit 12 ìkẹyìn sì ń sọ ipò nínú péèjì tó jẹ́ byte 4096. Péèjì tí kò bá sí nínú ìwé náà, kò sí fún káàdì yẹn. Kò tilẹ̀ ní orúkọ tó lè fi pè é.

Báyìí ni irin ṣe ń ṣọ́ ẹnu ibodè. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ ìwé fún oníbodè? Ibẹ̀ ni VFIO ti wọlé. Tom Lyon, tó ń ṣiṣẹ́ ní Cisco, ló kọ́kọ́ gbé e síwájú àwọn tó ń tọ́jú Linux ní 2010. Alex Williamson ti Red Hat gbà á, ó tún un rò láti ìpìlẹ̀, ó sì wọ inú Linux 3.6 tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2012. Nínú àtúnrò yẹn ni ohun tí mo kà sí ọkàn iṣẹ́ náà ti jáde, ìyẹn ẹgbẹ́.

Ó rọrùn láti rò pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni à ń fún prógíráàmù. Lórí PCI Express, ọ̀nà tí irú káàdì bẹ́ẹ̀ fi ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ méjì tó wà lábẹ́ switch kan náà lè máa bára wọn sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ wọn má dé ọ̀dọ̀ oníbodè rárá, àyàfi bí switch náà bá ní ohun tí wọ́n ń pè ní ACS, tó ń fipá dá ọ̀rọ̀ wọn padà gba òkè. Àwọn ẹ̀rọ PCI àtijọ́ tún wà tí wọ́n kó sẹ́yìn afárá kan, tí gbogbo wọn ń jẹ́ orúkọ kan náà lójú IOMMU. Ẹni tó bá fa ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ lé prógíráàmù lọ́wọ́ ti fa gbogbo wọn lé e lọ́wọ́, kò kàn tíì mọ̀ ni. Ohun tí kernel ṣe ni pé ó wo bí wọ́n ṣe to bọ́ọ̀dù, ó kó àwọn tí irin kò lè yà nípa pọ̀ sí ẹgbẹ́ kan, ó sì gbé òfin kalẹ̀: kò sí ẹni tó máa gba ẹyọ kan nínú ẹgbẹ́ níwọ̀n ìgbà tí dráífà kernel bá ṣì di èyíkéyìí mú nínú ìyókù. Gbogbo wọn yóò kúrò, tàbí kí ẹnikẹ́ni má gba nǹkan kan.

Mo mọ̀ pé òfin yìí ń dun àwọn èèyàn. Ó ń mú kí ohun tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú márùn-ún gba ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwà tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó kọ ọ́ lè ṣe ìlérí pé ẹ̀rọ kan ni wọ́n yà sọ́tọ̀, kí inú gbogbo ènìyàn dùn, kí àṣírí má tú títí ọjọ́ burúkú yóò fi dé. Wọn kò ṣe é. Ohun tí irin lè dáàbò bò gan-an ni wọ́n wọ̀n, ìwọ̀n yẹn náà ni wọ́n sì ń tà fún ọ.

Mo rí òfin náà lẹ́nu iṣẹ́ ní Yaba. Sáfà kan dé tí káàdì X520 inú rẹ̀ wà ní ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú SATA tó ń di dísìkì mú, dísìkì tí ẹ̀rọ fi ń tàn. Kò sí bí SATA ṣe lè kúrò lọ́wọ́ kernel kí ẹ̀rọ ṣì máa ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò pariwo, kò sì wá ọ̀nà àbùjá. Ó pe orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó wà nínú /sys/kernel/iommu_groups jáde, ó ní kí lspci ya wọn fún òun bí igi àti ẹ̀ka, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi bírò ya igi yẹn sẹ́yìn rìsíìtì. Ó fi ìka tọ ẹ̀ka kan lọ sókè títí. Ó ní, “Ẹ rí i, Ẹ̀gbọ́n, èyí gba chipset kọjá. Tọ̀hún lọ bá processor tààrà.” Ó pa ẹ̀rọ, ó yọ káàdì, ó kì í sí ihò kejì, ó tàn án padà. SATA kò sí nínú ẹgbẹ́ káàdì mọ́. Lẹ́yìn èyí ló wá kọ vfio-pci sí driver_override, ó tú káàdì kúrò lọ́wọ́ dráífà ixgbe tó wà nínú kernel, ó sì ní kí kernel tún un wò. Fáìlì tuntun kan yọ lábẹ́ /dev/vfio, nọ́ńbà ẹgbẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ó yí ẹni tó ni fáìlì náà padà sí orúkọ olùmúlò lásán, èyí tí kò láṣẹ kankan lórí ẹ̀rọ. Láti ìgbà yẹn, kò lo àṣẹ ọ̀gá mọ́ títí iṣẹ́ fi parí.

Àwọn mìíràn kì í ní irú sùúrù yìí. Ní 2013, Alex Williamson fúnra rẹ̀ kọ kóòdù kan tí èèyàn lè fi sọ fún kernel pé kó ṣe bí ẹni pé ACS wà níbi tí kò ti sọ pé òun wà. Wọn kò gbà á wọ inú Linux, ṣùgbọ́n àwọn tó ń to kọ̀ǹpútà géèmù nílé ṣì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ kernel tiwọn. Fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ara rẹ̀ ṣeré, orí ara rẹ̀ nìkan ló fi ń wéwu. Lórí ẹ̀rọ tó ń gbé dátà ọlọ́dátà, èmi kò lè fara mọ́ ọn, inú mi sì dùn pé ẹni tí mo ń wò fẹ́ràn kó tú ẹ̀rọ palẹ̀ ju kó purọ́ fún un lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí mẹ́mọ́rì. Prógíráàmù á sọ fún kernel ibi tí mẹ́mọ́rì wà lójú tirẹ̀, nọ́ńbà tó fẹ́ kí káàdì máa fi pè é, bó ṣe tóbi tó, àti bóyá káàdì yóò máa kà á tàbí yóò máa kọ ọ́. Kernel á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá mẹ́mọ́rì náà jẹ́ ti prógíráàmù yẹn lóòótọ́. Á kan àwọn péèjì náà mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé wọn lọ sórí dísìkì, kí wọ́n má sì ṣí nípò, torí pé káàdì kò ní mọ̀ nígbà tí ohun tó ń kọ nǹkan sí bá ti di ti ẹlòmíràn. Á ṣírò wọn mọ́ ìwọ̀n mẹ́mọ́rì tí olùmúlò náà lẹ́tọ̀ọ́ láti kàn mọ́lẹ̀, kí ẹnìkan má baà gbá gbogbo ilé mọ́ra. Ìgbà náà ni yóò tó kọ ọ́ sínú ìwé oníbodè.

Ẹ kíyè sí i pé prógíráàmù ló ń yan nọ́ńbà tí káàdì yóò máa pè. Ohun kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí wọ́n lè fa káàdì fún virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà. Windows tó wà nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ gbà pé mẹ́mọ́rì òun bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Nọ́ńbà tó gbà gbọ́ yìí ni dráífà rẹ̀ ń fún káàdì. QEMU, prógíráàmù tó ń gbé Windows náà ró, ti lọ bá VFIO ṣáájú, ó ti ní kí oníbodè gba nọ́ńbà wọ̀nyẹn gan-an, kó sì tú wọn sí ibi tí mẹ́mọ́rì wà ní tòótọ́. Dráífà tí ilé-iṣẹ́ káàdì kọ, tí ẹnikẹ́ni kò yí lẹ́tà kan padà nínú rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé inú ilé ara rẹ̀ ló wà. Mo rò pé kò sí ibòmíràn nínú gbogbo ètò náà tí ẹwà ti pọ̀ tó báyìí.

Bí wọ́n ṣe ṣe interrupt ló fi hàn mí pé àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí wo ìgbà tí ẹlòmíràn ì bá ti sinmi. Interrupt ni ẹ̀rọ fi ń sọ fún processor pé nǹkan ti dé. Láyé òde òní, kíkọ nọ́ńbà kékeré kan sí àdírẹ́ẹ̀sì kan ni, tó bẹ̀rẹ̀ láti 0xFEE00000 lórí ẹ̀rọ Intel. Ìyẹn ni pé ohun tó ń jáde lẹ́nu káàdì bí ẹni ń kọ dátà lè jẹ́ ayédèrú ìpè. Ní 2011, Rafal Wojtczuk àti Joanna Rutkowska kọ̀wé láti fi hàn bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ kan ṣe lè gba ọ̀nà yìí bọ́ kúrò nínú virtual machine, lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní ohun tó ń yẹ ìpè wò. VFIO kì í gbà lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi dandan lé e gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ allow_unsafe_interrupts. Bákan náà ni fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ní IOMMU rárá: ọ̀nà wà láti 2016, ṣùgbọ́n enable_unsafe_noiommu_mode ni yóò tẹ̀, kernel á sì fi àmì sí ara rẹ̀ pé òun kò mọ́ mọ́, kí ẹni tó bá wá wo ìṣòro rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la lè rí i. Lórí àwọn tòkunbọ̀ tó ti gbó, èèyàn máa ń pàdé méjèèjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin mi ní òfin tirẹ̀ lórí èyí: ẹ̀rọ tó bá ti béèrè unsafe kò ní kúrò nínú yàrá òun lọ sọ́dọ̀ oníbàárà.

Mo ní kó jẹ́ kí n rí oníbodè níbi tó ti ń dá ẹnìkan padà. Ó ṣí prógíráàmù rẹ̀, ó mú nọ́ńbà kan nínú àwọn tó fẹ́ fún káàdì, ó yí i sí ohun tí kò sí nínú ìwé, ó sì tẹ̀ ẹ́. Káàdì kò gbé packet wọlé mọ́. Nínú dmesg, ibi tí kernel ń kọ ìròyìn rẹ̀ sí, ìlà kan jáde tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DMAR: orúkọ káàdì, àdírẹ́ẹ̀sì tó fẹ́ kọ nǹkan sí, àti ìdí tí wọ́n fi dá a padà, pé péèjì náà kò gba kíkọ. Kò sí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Orin tó ń gbọ́ lórí ẹ̀rọ kan náà kò dánu dúró. Ẹni tó bá ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan wá irú àṣìṣe yìí nínú dráífà kernel, níbi tí mẹ́mọ́rì ti ń bàjẹ́ lónìí tí ẹ̀rọ á sì kú lọ́túnla ní ibi tí kò bá a tan, yóò mọ irú ẹ̀bùn tí ìlà kan ṣoṣo yẹn jẹ́.

Ìgbà tí prógíráàmù bá kú lójijì tún ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi kill -9 pa á nígbà tí dátà ń ṣàn lọ́wọ́. Prógíráàmù tí wọ́n bá pa báyìí kì í ráyè palẹ̀ mọ́, káàdì kò sì mọ̀ pé ọ̀gá òun ti kú. Ó ṣì fẹ́ máa kọ nǹkan sí mẹ́mọ́rì tí kernel ti fẹ́ fún ẹlòmíràn. Nínú kóòdù VFIO, ọ̀kan lára ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí fáìlì ẹ̀rọ náà bá tì ni pé wọ́n gba agbára DMA lọ́wọ́ káàdì. Bí káàdì bá sì gbà kí wọ́n tún òun bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀. Péèjì tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ kò ní di òmìnira kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé oníbodè. Ètò ìtẹ̀léra yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe ń dún lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tẹ bọ́tìnì kan, prógíráàmù dìde padà, dátà ń ṣàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Bó bá jẹ́ dráífà inú kernel ló ṣubú bẹ́ẹ̀, títan gbogbo ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló kàn, sáfà tòkunbọ̀ sì lè lo ìṣẹ́jú mélòó kan kó ṣì máa ka mẹ́mọ́rì ara rẹ̀. Ní ìlú tí iná tó ń lọ lójijì ti ń pa ẹ̀rọ fún wa tó báyìí, ẹni tó bá lè dín ìgbà tí sọ́fítíwia fúnra rẹ̀ ń pa á kù ti ṣe wá lóore.

Wọ́n máa ń sọ pé oníbodè ń fa ìdádúró. Òótọ́ ni pé kíka tábìlì mẹ́rin lórí ẹyọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ì bá wọ́n. Ṣùgbọ́n IOMMU ní ibi tó ń pa ìdáhùn àìpẹ́ yìí mọ́ sí, IOTLB, prógíráàmù tó bá gbọ́n sì ń ràn án lọ́wọ́. Dípò péèjì byte 4096, á lo péèjì ńlá tó jẹ́ megabyte 2, tó fi jẹ́ pé ìdáhùn kan á ṣiṣẹ́ 512. Á sì kọ gbogbo mẹ́mọ́rì tó máa lò sínú ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀, kò tún ní dí kernel lọ́wọ́ lórí packet kankan. DPDK, àkójọ kóòdù tí Intel bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń lò, ń gba ọ̀nà yìí, òun náà ni ọ̀rẹ́ mi fi ń ṣe tirẹ̀.

Àmọ́ ohun tó mú kí n fẹ́ràn VFIO jù lọ ni àwọn tó lè gbà wọlé. Ní Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Munich ní Jámánì, Paul Emmerich àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ dráífà kan tí wọ́n pè ní ixy, fún ẹbí 82599, irú èyí tó wà nínú X520 yìí gan-an. Kò tó ìlà 1000 ní èdè C. Wọ́n tún kọ ọ́ ní Rust, Go, Java, C#, OCaml, Haskell, Swift, JavaScript, àní Python pàápàá, wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 2019. Ti Python lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń gbé packet. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Akọka, tó ní kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí VT-d rẹ̀ ṣí nínú BIOS, lè jókòó lónìí kó kọ dráífà fún káàdì gidi ní èdè tí wọ́n fi kọ́ ọ nínú kíláàsì, kó ṣe àṣìṣe nígbà mẹ́wàá, kó máa wo ìlà DMAR láti mọ ibi tó ti ṣì. Kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀.

Oníbodè nìkan kọ́ ló lè gba ìlú là, bí ẹni tó ń kọ ìwé fún un bá ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní 2019 náà, àwọn olùwádìí láti Cambridge, Rice àti SRI gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní Thunderclap. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì sí ihò Thunderbolt ara laptop ni wọ́n lò, wọ́n sì fi hàn pé Windows, macOS, Linux àti FreeBSD ló ń ṣí ju ohun tó yẹ lọ sílẹ̀, pẹ̀lú IOMMU nínú ilé. Nínú VFIO, ohun tí prógíráàmù bá dárúkọ nìkan ló ń wọ inú ìwé.

Láti 2023, nǹkan ti ń yí padà. IOMMUFD wọ inú Linux 6.2 ní oṣù Kejì ọdún yẹn. Jason Gunthorpe ti NVIDIA ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ó ya kíkọ ìwé oníbodè sọ́tọ̀ kúrò lára VFIO kí àwọn mìíràn lè máa lò ó, ẹnu ọ̀nà tuntun sì wà báyìí níbi tí prógíráàmù ti ń ṣí fáìlì ẹ̀rọ kan tààrà dípò fáìlì ẹgbẹ́. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, kóòdù yìí ló wà lójú kọ̀ǹpútà ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ohun tó ń wá ni ibi tí “rárá” àtijọ́ yẹn wọ̀ lọ, níwọ̀n bí a kò ti rí ẹgbẹ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó tẹ̀ lé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè nígbà tí wọ́n bá so ẹ̀rọ mọ́ IOMMUFD, ó sọ̀kalẹ̀ láti fáìlì kan sí èkejì, títí ó fi bá iommu_device_claim_dma_owner pàdé. Ó kà á sókè fún mi. Ẹgbẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀: bí dráífà mìíràn bá di ẹ̀rọ kankan mú níbẹ̀, iṣẹ́ yẹn á dá àṣìṣe padà. Ó ní, “Wọn ò yọ ọ́,” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àtúnṣe prógíráàmù tirẹ̀ láti lo ọ̀nà tuntun náà.